Bí Òkun Ṣe Tẹ Àwọn Ìlú Sussex Dó

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí Sussex nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti kọjú sí Faransé. Káúńtì méjì ni wọ́n pín in sí lónìí, ti Ìlà Oòrùn àti ti Ìwọ̀ Oòrùn, àmọ́ ìjọba kan ṣoṣo ni látijọ́, ìjọba àwọn Saxon ti gúúsù. Ìwé ìtàn àtijọ́ wọn sọ pé ní 477, Ælle àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di 491, wọ́n dó ti ilé olódi tí àwọn ará Róòmù fi sílẹ̀ ní Pevensey, wọn ò sì dá ẹnì kankan sí nínú àwọn tó sá pamọ́ síbẹ̀. Orúkọ olórí ni wọ́n fi ń pe ibi tí wọ́n bá tẹ̀ dó, bí àwa náà ṣe ń fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé pe agboolé. Àwọn ènìyàn Hæsta ló ni Hastings, wọ́n sì gbà pé Cissa ọmọ Ælle ni Chichester ń jẹ́.

Jagunjagun ló sọ ìlú lórúkọ. Ibi tí ìlú yóò wà, àti bí yóò ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, ọwọ́ òkun ni ìyẹn wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé igba ọdún làwọn ènìyàn yìí fi gbé létí òkun tí wọn ò mọ ẹja inú rẹ̀ pa. Bede, mọ́ńkì tó kọ ìtàn ìjọ Ọlọ́run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́. Ó ní nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Wilfrid dé ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí 681, ó ti di ọdún mẹ́ta tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Ìyàn náà le débi pé ogójì tàbí àádọ́ta ènìyàn á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á lọ sí orí òkè tó dá dúró sí etí òkun, wọ́n á sì jọ bẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹja kún òkun àti odò wọn fọ́fọ́! Èyí tó gùn bí ejò nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mú. Àwọn ọmọlẹ́yìn Wilfrid wá kó àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú ẹja yẹn jọ láti ibi gbogbo, wọ́n dà á sínú òkun, ẹja 300 ló kó sí i. Wọ́n fún àwọn aláìní ní 100, wọ́n fún àwọn tó ni àwọ̀n ní 100, wọ́n sì mú 100 tó kù. Ìgbà tí wọ́n yó tán ni wọ́n tó fetí sí ìwàásù. Ọba Æthelwealh fún Wilfrid ní ilẹ̀ Selsey, ibi tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán, tòun ti àwọn ènìyàn orí rẹ̀. Ẹrú 250 ló wà nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wilfrid ṣe ìrìbọmi fún wọn, ó sì dá gbogbo wọn sílẹ̀. Bí Selsey ṣe di ìlú bíṣọ́ọ̀bù nìyẹn, títí wọ́n fi gbé àga bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Chichester ní 1075.

Ti 1066 kò nílò àlàyé púpọ̀. William, olórí Normandy nílẹ̀ Faransé, gúnlẹ̀ sí Pevensey lóṣù Kẹsàn-án, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọ́n pa Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun, William sì gba ìtẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì sórí pápá ogun náà, ó sì ní kí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níbi tí Harold ṣubú sí. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́lé sẹ́nu ọ̀nà àwọn mọ́ńkì, ìyẹn ló di ìlú tí wọ́n ń pè ní Battle.

Winchelsea ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé a mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, a sì mọ ẹni tó fà á. Ìlú àkọ́kọ́ wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ìgbì kó jọ sétí òkun. Ìlú olówó ni. Òun àti Rye, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, wà lára ẹgbẹ́ àwọn ìlú èbúté tó ń bá ọba ṣiṣẹ́: Hastings, New Romney, Hythe, Dover àti Sandwich ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ yìí ń yọ ọkọ̀ 57 fún ọba fún ọjọ́ 15 láìgba kọ́bọ̀. Ọba náà sì dá wọn sí nínú owó orí àti owó bodè. Àmọ́ òkun kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Ìjì 1250 kó ilé lọ, ti 1252 tún dé, ti 1287 sì kó ìyókù. Abẹ́ omi ni ibẹ̀ wà títí di òní.

Ọba Edward Kìíní kò dúró de ìjì ìkẹyìn. Láti nǹkan bí 1280 ló ti ń ra ilẹ̀ lórí òkè Iham, nítòsí ibẹ̀. Ó rán àwọn tó mọ̀ nípa ìlú kíkọ́ lọ, ọ̀kan nínú wọn ni Henry le Waleys, tó ti ṣe olórí ìlú London àti ti Bordeaux rí. Wọ́n fa òpópónà tààrà, wọ́n dábùú àwọn mìíràn lé e, gbogbo rẹ̀ wá di ìsọ̀rí ilẹ̀ 39. Wọ́n wọn ilẹ̀ fún kálukú, orúkọ wọn àti owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san sì wà nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1292. Nítorí pé wáìnì láti Gascony nílẹ̀ Faransé ni òwò wọn, wọ́n gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilé, wọ́n fi òkúta kọ́ òrùlé rẹ̀ ní títẹ̀ kọrọdọ, àtẹ̀gùn sì sọ̀ kalẹ̀ sí i láti ojú títì kí wọ́n lè máa yí àgbá wáìnì wọlé. Ó lé ní 30 irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó ṣì wà níbẹ̀.

Ìlú náà kò gbádùn pẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kọlù wọ́n, Faransé jó wọn níná ní 1360, òkun tó sì ti gbé ìlú àkọ́kọ́ mì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èkejì. Ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ dí èbúté pa. Lónìí, etí òkun jìnnà sí i ju máìlì kan lọ, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹnubodè ìlú, New Gate, dá dúró láàárín pápá tí àgùntàn ti ń jẹko, ó jìnnà sí ilé èyíkéyìí. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yan olórí ìlú lọ́dọọdún ní ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde.

Ìjì 1287 kan náà yí ẹnu odò Rother kúrò ní New Romney wá sí Rye, òwò Rye sì búrẹ́kẹ́. Nígbà tí Faransé jó ìlú náà ní 1377, wọ́n kó agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Lọ́dún kejì, àwọn ọkùnrin Rye àti Winchelsea wọ ọkọ̀ lọ sí Normandy, wọ́n sì gbà á padà. Ní ìwọ̀ oòrùn, èbúté ni Seaford tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi la ẹnu tuntun fún odò Ouse nítòsí abúlé Meeching láàárín 1530 sí 1540. Abúlé yẹn ló di Newhaven. Seaford pàdánù èbúté rẹ̀.

Abúlé apẹja ni Brighton tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé ìkànìyàn àti ìkalẹ̀ tí William ní kí wọ́n ṣe ní 1086, ẹja ṣáwá 4,000 ni apá kan ibẹ̀ ń san fún olówó ilẹ̀. Faransé jó o ní 1514, ìjì 1703 àti ti 1705 sì gbá ilé àwọn apẹja tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ. Ẹni tó gbé e dìde ni Dókítà Richard Russell ti ìlú Lewes. Ní 1750 ó kọ ìwé ní èdè Látìn pé omi òkun ń wo àìsàn, kí ènìyàn wẹ̀ ẹ́, kó sì mu ún. Àwọn olówó tú jáde láti London. Inú ilé onígi tó ní táyà, tí ẹṣin ń wọ́ wọnú omi, ni aláìsàn ti ń bọ́ṣọ. Obìnrin alágbára kan á wá gbá a mú, á tẹ̀ ẹ́ rì sínú ìgbì. Martha Gunn ló lókìkí jù nínú àwọn obìnrin náà. Ọmọ ọba tó padà di George Kẹrin dé ní 1783, John Nash, ayàwòrán ilé, sì parí ààfin rẹ̀ tó ní òrùlé rìbìtì bíi ti Íńdíà ní 1822. Ojú irin dé ní 1841. Àwọn tí kò tó nǹkan bí 8,000 ní 1801 ti lé ní 65,000 ní 1851.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ni wọ́n sin Martha Gunn sí, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an sì ni ọmọ wa kan ti ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, 1862. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Yewa ni Àìná. Àwọn jagunjagun Dahomey kó o lẹ́rú, ó wà lọ́wọ́ Ghezo ọba wọn kí Ọ̀gágun Forbes ti ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ní 1850, ó sì di Sarah Forbes Bonetta lábẹ́ ìtọ́jú Ọbabìnrin Victoria. Ẹni tó fẹ́ ẹ ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ẹni tó padà gbin kòkó sí Ìjọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé tọkọtaya Yorùbá wà nínú ìwé ìgbéyàwó ìlú yẹn láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn Brighton, owó ló ń tẹ ìlú dó létí òkun Sussex. James Burton bẹ̀rẹ̀ St Leonards ní 1828. Ìdílé Cavendish la òpópónà Eastbourne. Charles Neville ra ilẹ̀ orí òkè tó di Peacehaven ní 1916. Àmọ́ òkun kò tíì dáwọ́ dúró. Ní Birling Gap, láàárín Seaford àti Eastbourne, ẹfun funfun ni òkè náà jẹ́, ó sì ń ya lulẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀wọ́ ilé kan wà létí rẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Wọ́n ti wó mélòó kan nínú wọn kí òkè tó gbé wọn lọ, a sì mọ èyí tó kàn.