Bí àwọn awòràwọ̀ ṣe ń ṣe é nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run

Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan lè rìn fún ọdún 1,000 kó tó dé ilé ayé, kí ìkùukùu wá dá a dúró nígbà tó ku kìlómítà 2 péré. Ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ló kún inú ìkùukùu. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lu ọ̀kan á yà sọ́tùn-ún, èyí tó kọ lu òmíràn á yà sósì, títí tí kò fi ní sí èyí tó ń bọ̀ tààrà mọ́.

Ó máa ń dunni gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ ohun tí kì í wáyé lójoojúmọ́ lèèyàn ń retí. Ní 1761, Guillaume Le Gentil, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fẹ́ wo bí Àgùàlà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, ṣe ń kọjá níwájú oòrùn, àmọ́ orí òkun lọjọ́ náà bá a, ọkọ̀ sì ń mì débi pé kò rí nǹkan kan wọ̀n. Ó fi ọdún 8 dúró de ìgbà kejì. Nígbà tọ́jọ́ pé ní Pondicherry, ní Íńdíà, ní 1769, ìkùukùu bo oòrùn títí Àgùàlà fi kọjá tán. Èyí tó tẹ̀ lé e di 1874.

Lónìí, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń ranni lọ́wọ́. Nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ló fi ga, ojú kan náà ló ń wò, ó sì ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 síra. Ẹni tó bá to àwòrán wákàtí kan tẹ̀ léra á rí ibi tí ìkùukùu ń sún lọ, á sì rí àlàfo tó ń bọ̀. Àlàfo ìṣẹ́jú 20 tó láti fi wo Sátọ̀n.

Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń tanni jẹ níbẹ̀. Lóru, ìgbóná ni kámẹ́rà sátẹ́láìtì ń wọ̀n. Ìkùukùu tó ga tutù ju ilẹ̀ lọ dáadáa, torí náà ó máa ń hàn ketekete. Èyí tó rẹlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ilẹ̀, ó sì lè má hàn rárá. Àwòrán á fi hàn pé ojú ọ̀run mọ́, èèyàn á jáde síta, kò ní rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ó yẹ kéèyàn yọjú wo òkè ná kó tó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ jáde.

Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè réré, tó jẹ́ kìkì yìnyín wẹ́wẹ́, ṣì ṣeé bá wọ̀yá ìjà. Òrùka ńlá tó máa ń yí òṣùpá ká ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà kò ní hàn, ṣùgbọ́n òṣùpá àti Júpítà mọ́lẹ̀ tó láti là á kọjá. Kódà, alẹ́ tí ojú ọ̀run rí bàìbàì díẹ̀ tí atẹ́gùn sì pa rọ́rọ́ lè dáa fún Júpítà ju alẹ́ tó mọ́ gaara lọ, torí atẹ́gùn tó ń rú ló ń mú kí ohun téèyàn ń wò máa gbọ̀n. Ẹni tó bá tètè gbé awò wọlé lálẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun rere.

Bó bá wá ṣú pátápátá, àwọn tó ń ya fọ́tò máa ń dé ojú awò pa, kí wọ́n ya àwòrán òkùnkùn lásán. Kọ̀ǹpútà ló máa fi yọ àbàwọ́n tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ kúrò lára fọ́tò ìràwọ̀.

Rédíò ló wuyì jù. Ìgbì rédíò kò ka ìkùukùu sí. Nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́, èyí tí à ń pè ní ìràwọ̀ tó já, bá já wọ afẹ́fẹ́ ayé, nǹkan bíi 100 kìlómítà sókè ló ti ń jóná, ipa ọ̀nà tó fi sílẹ̀ sì lè ta ìgbì rédíò padà sílẹ̀. Wọ́n á yí rédíò FM sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan nítòsí, àmọ́ tí èyí tó jìnnà tó 1,000 kìlómítà ń lò. Ariwo ṣììì nìkan ni wọ́n á máa gbọ́. Lójijì, orin tàbí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ta sétí wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì parẹ́. Ìràwọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já lókè ìkùukùu nìyẹn. Láàárín oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn Perseids, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó máa ń já lọ́dọọdún, bá ń já, ìró náà máa ń wọlé léraléra, bí òjò tiẹ̀ ń rọ̀.