Ẹ̀kọ́ Èdè àti Àṣà Jàpáànù ní SOAS, Lọ́ńdọ̀nù

SOAS (School of Oriental and African Studies) jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí èdè, ìtàn àti àṣà àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà. Ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ọba George Karùn-ún sì ṣí i ní 1917. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rán lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà, àti àwọn oníṣòwò, gbọ́ èdè àwọn tí wọ́n ń lọ bá. Ní 1938 ni wọ́n tó fi Áfíríkà kún orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú. Ida Ward, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní SOAS, ló kọ ìwé lórí èdè Yorùbá tó jáde ní 1952, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ogun ló sọ ẹ̀kọ́ Jàpáànù di nǹkan ńlá níbẹ̀. Nígbà tí Jàpáànù wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù Kejìlá 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó lè ka èdè náà kò tó nǹkan. Ní 1942, wọ́n ṣa àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bí ọgbọ̀n, wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti kọ́ èdè Jàpáànù, Ṣáínà, Páṣíà tàbí Tọ́kì ní SOAS. Dulwich College ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní ọmọ Dulwich. Frank Daniels àti ìyàwó rẹ̀ Otome, tó jẹ́ ọmọ Jàpáànù, wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Ní ìlú Bedford, Oswald Tuck, ọ̀gá ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi oṣù 6 péré kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mìíràn láti ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ológun Jàpáànù ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Kíkà nìkan ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ti sísọ kò kàn wọ́n.

Ronald Dore, ọmọ Dulwich kan, di onímọ̀ àwùjọ Jàpáànù tí gbogbo ayé mọ̀. Peter Parker, òmíràn nínú wọn, di alága ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ló kọ àbọ̀ ìwádìí 1986 lórí irú èdè Éṣíà àti Áfíríkà tí òwò àti iṣẹ́ aṣojú ìlú òkèèrè nílò, torí pé lẹ́yìn ogun, owó ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. Ìjọba a ná an nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, a sì dín in kù nígbà tí ara bá tù ú.

Lónìí, ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ dìgírì Jàpáànù níbẹ̀, wọ́n sì ń lo ọdún kan nínú rẹ̀ ní Jàpáànù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè so ó pọ̀ mọ́ ìtàn, ọrọ̀ ajé tàbí orin. Ìkọ̀wé ló ń gba àkókò jù. Hiragana àti katakana, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì tí àmì wọn dúró fún ìró, 46 àmì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò le púpọ̀. Kanji, àwọn àmì tó wá láti Ṣáínà tó dúró fún ọ̀rọ̀, ni iṣẹ́ wà: 2,136 ni ìjọba Jàpáànù tò sínú ìwé àwọn àmì tí gbogbo èèyàn ń lò, àmì kan sì lè ní ìpè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 山, tó túmọ̀ sí òkè, yama ni ìpè rẹ̀ tó bá dá dúró, san ni tó bá tẹ̀ lé orúkọ òkè Fuji.

Ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe tuntun létí ọmọ Yorùbá tó mọ ìgbà tí wọ́n ń sọ “ẹ”, àmọ́ ti Jàpáànù máa ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ padà. Taberu ni kí èèyàn jẹun; tó bá jẹ́ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ló ń jẹun, meshiagaru ni; tó bá jẹ́ èmi ni mo ń jẹun níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, itadaku ni.

Ìdánwò JLPT, tí wọ́n fi ń wo bí àjèjì ṣe gbọ́ èdè Jàpáànù tó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, yàtọ̀ sí dìgírì. Ìpele márùn-ún ló ní, láti N5 dé N1, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń béèrè rẹ̀. Kíkà, gbígbọ́ àti gírámà ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò nínú rẹ̀. Kò sí sísọ níbẹ̀.