Ohun tí WhatsApp yí padà ní ọdún 2021, àti ìdí tí Nàìjíríà fi bu owó ìtanràn lé Meta tó ni ín

Ìbéèrè: Kí ni WhatsApp yí padà gan-an?

Ìdáhùn: Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìkéde kan yọ sójú fóònù àwọn tó ń lo WhatsApp, pé ilé-iṣẹ́ náà ti tún ìlànà tó fi ń gba ìsọfúnni nípa wọn ṣe, títí kan bí yóò ṣe máa pín lára rẹ̀ pẹ̀lú Facebook tó ni ín. Ọjọ́ 8 oṣù Kejì ni gbèdéke. Nígbà tí ariwo pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kó lọ sórí Signal àti Telegram, wọ́n sún un di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Bọ́tìnì tí a fi lè sọ pé a gbà wà níbẹ̀, èyí tí a fi lè sún un síwájú náà wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a fi lè kọ̀ ọ́ pátápátá.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tí mò ń bá àwọn ènìyàn mi sọ ni wọ́n ń kà?

Ìdáhùn: Rárá, ó sì yẹ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí ìbẹ̀rù yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń sọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ di àdììtú kí ó tó kúrò lórí fóònù ẹni tó kọ ọ́, tó fi jẹ́ pé fóònù ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló lè tú u. Ohun tí àdììtú náà kò bò ni nọ́ńbà yín, irú fóònù tí ẹ ń lò, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́ka sí agbègbè tí ẹ wà, àkókò tí ẹ wọlé àti ìgbà tí ẹ jáde, àti nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ yín bí ẹ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀, tí oníṣòwò náà fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹ̀rọ Facebook, ó lè lo ohun tí ẹ jọ sọ láti fi polówó ọjà fún yín.

Ẹ má ṣe rò pé ìwọ̀nyí kéré. Obìnrin tó ń kọ̀wé sí ilé ìwòsàn àwọn aláboyún léraléra láàárín òru ti sọ nǹkan nípa ara rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tó kọ.

Ìbéèrè: Ọ̀fẹ́ ṣá ni WhatsApp. Kí ló dé tí ẹni tí kò fẹ́ kò kàn kúrò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ibo ni yóò lọ? Ìpàdé ẹbí wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wà níbẹ̀, ìjọ àti àdúgbò wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà aláṣọ ní Gbági náà wà níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà kò gbà kí ilé-iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ti borí ọjà máa ṣi agbára yẹn lò lórí àwọn tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Ní tèmi, ìyọ̀ǹda tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè kọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda rárá.

Ìbéèrè: Kí ni ìjọba wá rí nínú ìwádìí rẹ̀?

Ìdáhùn: Àjọ FCCPC, tó ń mójú tó ìdíje àti ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó sì gbà á ní oṣù 38. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Facebook ti ń jẹ́ láti ìparí ọdún 2021. Àjọ náà ní Meta du àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ohun tí a ó fi ìsọfúnni wọn ṣe, ó ń pín in láìgba àṣẹ, kò sì ṣe sí wọn bí ó ṣe ṣe sí àwọn tó wà ní ilẹ̀ míràn.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ló dùn mí jù. Áàpù kan náà ni, síbẹ̀ ìlànà tí WhatsApp gbé ka iwájú àwọn ará Yúróòpù yàtọ̀ sí èyí tó gbé ka iwájú wa, nítorí pé GDPR, òfin ààbò dátà ti Yúróòpù, ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 2018. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò lè ṣe é. Ibi tí òfin ti le ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlànà ààbò dátà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní ọdún 2019 ni a ń gbára lé, títí Ààrẹ Tinubu fi buwọ́ lu òfin ààbò dátà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023.

Meta sọ pé òun kò fara mọ́ ìpinnu FCCPC, ó sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí owó ìtanràn náà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ìbéèrè: Ṣé Nàìjíríà nìkan ló bá wọn fà á?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ìdíje ní Íńdíà náà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù méjì rúpìì lé Meta lórí ìlànà ọdún 2021 yìí kan náà.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe lórí fóònù mi?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé bí ẹ bá pa àmì tó ń fi ìgbà tí ẹ wọlé kẹ́yìn hàn, àwọn ojúlùmọ̀ yín nìkan ni kò ní rí i mọ́, kò pa á mọ́ fún Meta. Ohun tó wúlò jù ni kí ẹ lọ sí ibi ètò fóònù yín, kí ẹ gba àyè tí WhatsApp ní láti ka nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn padà, nítorí ẹ̀tọ́ tiwọn náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní abala àkáǹtì nínú WhatsApp fúnra rẹ̀, ẹ lè béèrè fún àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ní nípa yín. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dé. Ẹ kò ní rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà àti nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ yín.