Ẹ Má Bi Wá Ní Irinṣẹ́, Ẹ Bi Wá Ní Fáìlì

Oníbàárà tó bá ní kí n ṣe ìkànnì fún òun lóde òní kì í pẹ́ kó tó béèrè pé: "Figma lẹ máa lò ni àbí WordPress? Ṣé AI ò lè kúkú ṣe é?" (Figma la fi ń ya bí ìkànnì ṣe máa rí, WordPress la fi ń tò ó.) Mo máa ń dáhùn, àmọ́ ìdáhùn náà kì í ràn án lọ́wọ́. Ta ló ń bi télọ̀ bóyá Singer ló fi rán agbádá òun tàbí Butterfly? Ohun tó kàn yín ni pé kí aṣọ bá yín mu, kí télọ̀ mìíràn sì lè tú u rán lọ́jọ́ tí ẹ bá sanra.

Nínú iṣẹ́ tiwa, HTML àti CSS ni aṣọ yẹn. HTML ló ń sọ fún búráúsà, ètò tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. CSS ló ń sọ àwọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe tóbi tó, àti ibi tí kálukú máa wà. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ni wọ́n. CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Switzerland, ni Tim Berners-Lee wà nígbà tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, nígbà tó sì di 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ info.cern.ch sórí fóònù yín, ẹ ó rí ẹ̀dà ìkànnì àkọ́kọ́ láyé níbẹ̀. Ó ń ṣí wẹ́rẹ́, lórí fóònù tí ẹnikẹ́ni ò tíì lálàá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ wá wo irinṣẹ́, ìyẹn àwọn ètò tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún wa láti fi ṣe iṣẹ́ ìkànnì. Microsoft ti pa FrontPage tì. Adobe ti pa Fireworks tì, ó pa Muse náà tì. Flash, ètò Adobe tó ń mú kí àwòrán máa rìn kí orin sì máa kọ lórí ìkànnì, ni kí n fara balẹ̀ sọ.

Ẹni tó bá ti jókòó ní káfè ní nǹkan bíi 2005 á rántí. Ẹ ṣí ìkànnì hòtẹ́ẹ̀lì kan, ẹ kọ́kọ́ dúró de ìlà kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀, tí owó àkókò yín sì ń lọ. Lẹ́yìn náà ni lógò á máa yí po, orin tí ẹ ò pè á bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á wá máa wá bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ "Skip Intro" sí. Ó lẹ́wà, n ò ní parọ́. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán yẹn wà nínú fáìlì tí búráúsà fúnra rẹ̀ ò lè kà, àfi kí ẹ gbé ètò Adobe sínú rẹ̀. iPhone ò gbà á láyè rí, Steve Jobs, ọ̀gá Apple tó ń ṣe iPhone, sì kọ lẹ́tà ìta gbangba lórí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹrin 2010. Ní ìparí 2020, Adobe fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2021, ètò náà kọ̀ láti ṣí ohunkóhun mọ́. Àwọn tó ti fi owó gidi ṣe ìkànnì tó jẹ́ Flash látòkè délẹ̀ wá bá òfìfo.

Figma ni mò ń lò báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Adobe ní òun máa fi 20 bílíọ̀nù dọ́là rà á ní 2022, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi gbé ọwọ́ lérí. Ọ̀rọ̀ náà tú ká ní oṣù Kejìlá 2023, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí àyà mi fi máa já. Àwòrán la ń yà níbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó lè fi àwòrán tajà.

Kì í ṣe pé ìlànà wẹ́ẹ̀bù ò yí padà o. Tábìlì (àpótí onílà tí a ń kọ nǹkan sí) la fi ń to ojú ìwé nígbà kan, tábìlì nínú tábìlì, nígbà tó di 2017 ni CSS Grid, ọ̀nà tí CSS fúnra rẹ̀ fi ń to ojú ìwé, wọ àwọn búráúsà ńlá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tuntun tó dé ò ba ti àtijọ́ jẹ́: ojú ìwé oní-tábìlì yẹn ṣì ń ṣí. W3C, àjọ tó ń bójú tó ìlànà, gbìyànjú láti já okùn yẹn pẹ̀lú XHTML 2, ìlànà tuntun tí kò bá HTML àtijọ́ mu, wọ́n sì pa á tì ní 2009. HTML5, ẹ̀dà HTML tuntun, ló borí, torí pé àwọn tó ń ṣe é ò gbà kí ìkànnì àná bàjẹ́. Lójú tèmi, àwọn ló jàre.

Ibi tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá rèé. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀ (ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Vietnam, àárín lẹ́tà tiwọn ni ẹ àti ọ wà). Ṣùgbọ́n "ẹ́" ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á kọ ẹ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìyẹn ò burú, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà ń lò, ló ń bà á jẹ́. Ayàwòrán á yan fọ́ǹtì tó rẹwà, á fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí "Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe" bá bọ́ sínú àkọlé, fọ́ǹtì ò ní ọ. Búráúsà á lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn: j á tinrín, ọ á ki, àmì ohùn á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láyé àtijọ́, àwọn kan tilẹ̀ ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n fi ẹ sí àyè lẹ́tà mìíràn. Ó ń dán lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó di wúruwùru lórí tẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ṣe ìkànnì yín kọ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ǹ ń sínú àkọlé àti sínú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, kó ṣí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Fọ́ǹtì Noto Sans àti Gentium ń gbé wọn dáadáa. Kó kọ lang="yo" sórí ojú ìwé, kí ètò tó ń kàwé fún afọ́jú mọ̀ pé Yorùbá ni. Bó bá jẹ́ ìkànnì tí wọ́n ń tò lórí ètò oníowó-oṣù ni, ẹ bi í bóyá ẹ lè kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín jáde lọ́jọ́ tí ẹ ò bá san mọ́. Kí ẹ sì wo ẹni tí wọ́n fi orúkọ ìkànnì náà sí, ì báà jẹ́ .ng tàbí .com. Bó bá ní ímeèlì òun lòun fi forúkọ sílẹ̀, ẹ ní kó yí i sí tiyín kí ẹ tó san owó tó kù.