Bí a ṣe ń bá ọ̀bọ oníkùn pupa pàdé nínú igbó

Ará Àjàṣẹ́ tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọ̀bọ oníkùn pupa á gba ọ̀nà Cotonou, á kọjá sí ìhà Calavi, títí dé abúlé Drabo Gbo. Gúúsù orílẹ̀-èdè Benin wà lára ibi díẹ̀ tí ẹranko yìí ṣì kù sí láyé. Ní Drabo, Peter Neuenschwander, onímọ̀ kòkòrò ará Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ ní ọdún 1995, ó sì jẹ́ kí igbó hù padà títí ó fi tó nǹkan bíi hẹ́kítà 14.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ lágbàálé, ọdẹ ló pa ìyá wọn. Àyà ìyá ni wọ́n rọ̀ mọ́ nígbà tí ìbọn dún. Ó bani nínú jẹ́. Bí irú rẹ̀ bá dé ibi ìtọ́jú, wọn kì í tú u sígbó lọ́jọ́ náà. Á kọ́kọ́ dá wà ná, torí ọ̀pọ̀ àrùn tó ń ṣe wá ló ń ṣe òun náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àgò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn yòókù, kí wọ́n máa wo ara wọn, kí wọ́n máa gbóhùn ara wọn, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Inú agbo ló ti ń kọ́ èso tó ṣeé jẹ, àti igbe tó túmọ̀ sí pé idì ti dé.

Ẹni tó ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ lọ wò wọ́n. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù láti lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Lọ́dọ̀ ọ̀bọ náà, ẹni tó bá ranjú mọ́ ọn ń pè é níjà ni. Bó bá ṣí eyín sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín o: ẹ̀rù ń bà á, tàbí ó ń halẹ̀. Kéèyàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jókòó jẹ́ẹ́. Kò gbọdọ̀ na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, torí ọ̀bọ tó ti mọ ọwọ́ èèyàn mọ́ oúnjẹ kì í sá fún ọdẹ mọ́.

Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀ka á mì. Irun funfun á hàn lábẹ́ àgbọ̀n bí òwú, àyà pupa á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú, torí àpò wà níbẹ̀ tó ń rọ́ èso sí. Á gbé e lọ jẹ níbòmíràn, á sì tu hóró rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.