Áńpù gìtá fún inú ilé: wáàtì kọ́ lohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò

Téèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní òun fẹ́ ra áńpù gìtá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé wáàtì mélòó, ìyẹn agbára ẹ̀, ló fẹ́. Ìbéèrè yẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òde àríyá, àmọ́ ẹni tó fẹ́ máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fi kọ́ra, kó sì máa ká ohun tó ń lù sílẹ̀, wáàtì kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Bí etí ṣe ń ṣe ni pé kí ariwo tó dún ní ìlọ́po méjì létí, agbára tó ń tì í jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé áńpù wáàtì 50 ò lè pariwo ju nǹkan bí ìlọ́po méjì ti wáàtì 5 lọ, tí spíkà wọn bá jọra. Wáàtì 5 náà ṣá, téèyàn bá ṣí i tán nínú yàrá kan, lándílọ́ọ̀dù á ti kanlẹ̀kùn.

Kọ́ńbò ni áńpù tí ẹ̀rọ àti spíkà jọ wà nínú àpótí kan. Iná tíntín tó ń bọ̀ látinú gìtá á kọ́kọ́ wọ preamp, ibẹ̀ ni gain (tó ń pinnu bí iná náà ṣe máa le tó), báàsì àti tírébù wà, power amp á wá sọ ọ́ di ńlá, spíkà á tì í jáde. Spíkà yìí làwọn èèyàn máa ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ ni gbogbo ohùn ń gbà jáde. Ti ínǹṣì 12 máa ń jẹ́ kí okùn ńlá dún kíkún, ti ínǹṣì 8 máa ń há díẹ̀. Ẹni tó ń ta gìtá jùjú tàbí háíláìfù, tó fẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan dún gaara, áńpù tí ohùn ẹ̀ ò ní fọ́ tó bá fa okùn le ló ń wá. Roland JC-120 tó jáde lọ́dún 1975 lókìkí gan-an fún irú ohùn mímọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wáàtì 120 pẹ̀lú spíkà ínǹṣì 12 méjì, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Àbúrò ẹ̀ wà tó ń jẹ́ JC-22, spíkà ínǹṣì 6.5 méjì ló ní, ìyẹn bá ilé mu.

Áńpù túúbù, èyí tó ń fi túúbù onígíláàsì tó máa ń gbóná bíi gílóòbù ṣiṣẹ́, lọ̀rọ̀ ẹ̀ le jù. Àwọn onígìtá fẹ́ràn ẹ̀ torí pé tí wọ́n bá ti tì í dé ibi tí agbára ẹ̀ fẹ́ tán, ohùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́nà tó dùn, á sì máa tẹ̀lé ọwọ́, téèyàn bá rọra fọwọ́ kàn án á mọ́, tó bá fà á le á ké. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ pariwo kó tó débẹ̀. Fender Blues Junior jẹ́ wáàtì 15, áńpù gidi ni, àmọ́ nínú ilé fólúùmù ẹ̀ ò ní kúrò lórí 2, adùn téèyàn torí ẹ̀ náwó ò sì ní jáde. Ó tún ń jẹ iná ju wáàtì tí wọ́n kọ sí i lọ dáadáa, torí túúbù gbọ́dọ̀ máa gbóná yálà wọ́n ń lù ú àbí wọn ò lù ú, ẹni tó ń lo ínfátà á tètè mọ̀.

Ohun tó mú áńpù modelling gba ilé kan nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ ló ń fara wé oríṣiríṣi áńpù, ohùn tó fọ́ dídùn yẹn ò wá dúró de ariwo mọ́. Boss Katana 50 ní swíìṣì tó ń gbé e láti wáàtì 50 sí 25, títí dé ìdajì wáàtì. Yamaha THR10 tiẹ̀ kéré sí i, spíkà ínǹṣì 3 méjì, ó sì ń lo bátìrì AA mẹ́jọ, tí wọ́n bá múná lọ iṣẹ́ ò dúró. Àwọn ọmọlẹ́yìn túúbù á ní kì í rí bákan náà lọ́wọ́, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, àmọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ọmọ ń sùn, hẹ́dífóònù ló máa borí.

Tó bá di ká ká a sílẹ̀, téèyàn bá ní máíkì bíi Shure SM57, iwájú spíkà gan-an ni wọ́n ń gbé e sí, ó kù díẹ̀ kó kan aṣọ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan ìmọ́lẹ̀ sí aṣọ yẹn kẹ́ ẹ lè rí àárín spíkà, tí máíkì bá dojú kọ àárín ohùn á mú ṣáṣá, tẹ́ ẹ bá sún un bí ínǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ á rọ̀. Ìṣòro máíkì ni pé jẹnẹrétọ̀ àdúgbò náà á wọlé. Wáyà USB ò ní irú wàhálà yẹn, Katana àti THR10 ní in, gìtá á lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà, àfi tí ohùn bá ń pẹ́ kó tó dé etí, ẹ lo dráífà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá áńpù ṣiṣẹ́) tí àwọn tó ṣe áńpù gbé síta, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ gìtá látinú áńpù fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ line out ni, ìyẹn ihò tó ń gbé ohùn jáde láì gba spíkà, ẹ wádìí bóyá ó ń fara wé spíkà, torí gìtá tó fọ́ tí ò gba spíkà kọjá máa ń dún bí oyin inú agolo. Ihò spíkà áńpù túúbù ò sì gbọdọ̀ wọ kọ̀ǹpútà láé, ẹ má tan án láì so spíkà mọ́ ọn, transformer inú ẹ̀ lè jóná.

Tókùnbọ̀ wá ńkọ́? Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Tí wọ́n bá kọ 120V, 60Hz síbẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, tẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 230, tórí bá ṣe yín rere fíúsì nìkan ló máa lọ. Ó nílò step-down, ẹ̀rọ tó ń dín 230 kù sí 120, tó lágbára ju iná tó ń jẹ lọ. Tó bá jẹ́ 100-240V ni wọ́n kọ sí adápítọ̀ ẹ̀, kò síjà. Àwọn tó máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì kúrò kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ewu ni wọ́n ń fi ṣeré, okùn gìtá irin ni, ọjọ́ tí ẹnu bá kan máíkì iná lè gbé èèyàn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, olùtajà á fẹ́ ṣí i kí gbogbo ọjà gbọ́, ẹ ní kó rọra. Ẹ dín in kù dé ibi tẹ́ ẹ ti lè bára yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi gìtá tiyín lù ú. Tí ohùn ẹ̀ bá di tín-ín-rín níbẹ̀, tàbí tí fólúùmù ń fò láti òfo bọ́ sí ariwo láì ní àárín, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Tí nọ́ọ̀bù, ìyẹn bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí, bá ń ha kra-kra tẹ́ ẹ bá ń yí i, ìdọ̀tí ni, ó ṣeé fọ̀, ẹ lè fi já owó ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ mú hẹ́dífóònù tiyín dání, kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́, tí spíkà ò bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ bi í pé kí ló dé.