Ohun Tí Obìnrin Mọ̀ Ọ́n Ṣe Ló Fi Ń Ṣe Olórí

Ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n tó fi obìnrin kan jẹ ìyálọ́jà, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́. Òun ni wọ́n ń sáré pè tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìsọ̀. Òun ni wọ́n ń kó owó àjọ fún pé kó bá àwọn tọ́jú. Ó mọ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lóòótọ́, ó sì mọ ẹni tó kàn ń díbọ́n. Oyè wá bá a níbi tó wà ni. (Ká má parọ́, òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ìdílé ti wọ oyè yìí níbòmíràn, àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ.)

Ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá obìnrin láìjẹ́ pé ó pè wọ́n, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ kì í tètè mọ̀ ọ́n fúnra wọn, torí ohun tó bá rọrùn fún èèyàn kì í jọ ọ́ lójú. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹ́rin márùn-ún nínú àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ ló yẹ kó lọ. Kó má bi wọ́n bóyá òun dára. Kó bi wọ́n pé: “Ìgbà wo lẹ rí mi tí iṣẹ́ ń lọ geere lọ́wọ́ mi? Kí ni mo ń ṣe lọ́jọ́ náà?” Tí mẹ́ta nínú wọn bá dárúkọ nǹkan kan náà, ó ti rí i.

Alimotu Pelewura, ẹja ló ń tà ní ọjà Èrékò l'Ékòó. Kò kàwé. Ohun tó mọ̀ ni ọjà: iye tí wọ́n ń ra nǹkan lóko, iye tí ọkọ̀ ń gbà, èrè tó ń kù sọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti igbá. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó ní 1940, pé kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san, òun ló ṣáájú àwọn ọlọ́jà lọ bá wọn. Ìjọba gbé e kúrò ní £50 lọ sí £200, iye tó ju agbára ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lọ. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún gbé ètò kan dé tí wọ́n fi ń dá iye lé oúnjẹ. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ló wà nídìí ẹ̀. Pelewura kò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ pé iye tí wọ́n dá lé gàrí kò ní bo owó tí wọ́n fi rà á. Pullen fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ pé kó bá àwọn ṣe é. Ó kọ̀.

Èyí tí kò mọ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà tó ń darí gba akọ̀wé tó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà lóde òní. Wọ́n á ní kí obìnrin kọ́kọ́ lọ tún gbogbo ibi tó kù sí ṣe ná, ó dìgbà náà kó tó lè ṣe olórí. Pelewura kò jókòó de ìgbà tí yóò mọ̀ọ́kọ. Ó gbé èyí tí kò lè ṣe fún ẹni tó lè ṣe é, ó di tirẹ̀ mú.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì l'Ábẹ́òkúta, òdìkejì rẹ̀ ni. Ìwé ni tirẹ̀: olùkọ́ ni, ó ti lọ kàwé nílùú Ọba. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láwọn ọdún 1930. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ọlọ́jà dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìwé kíkà, àwọn náà sì ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí: owó orí, ìrẹsì tí wọ́n ń fagbára gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1946, ó ti di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta.

Àwọn tó mọ̀wé ló ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń tú ìwé owó ìlú wò. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló mọ bí ìròyìn ṣe ń dé gbogbo ìsọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn náà ló ni orin èébú, ẹni tó bá sì mọ ẹnu obìnrin Ẹ̀gbá á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ohun ìjà. Nígbà tí wọn kò fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de, olórí wọn ní kì í ṣe ìwọ́de, píkíníìkì làwọn ń lọ ṣe. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síwájú ààfin Aláké, ọba wọn. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́.

Ìyá Kútì pa gáùn òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Tó bá dé iwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ni ín lára. Bó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa wá ògbifọ̀. Bó bá sọ Yorùbá, òyìnbó ni yóò lọ wá tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí, kó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Obìnrin bí ogún jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí ọjà tú. Ẹnìkan ń dárin, ó ń pàtẹ́wọ́, ara gbogbo wọn jí. Ẹnìkan wà ní kọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta, báírò rẹ̀ ló ń lọ lórí ìwé: ta ló san, ta ló jẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n ń rán lọ sílé onígbèsè. Tó bá débẹ̀, kì í mẹ́nu ba owó. Á jókòó, á béèrè ara ọmọ, á bá wọn ṣa ẹ̀fọ́ tó wà nílẹ̀. Ó di ìgbà tó bá dìde tó fẹ́ máa lọ kó tó sọ pé, “Ìyá Túndé, ẹ rántí wa lọ́sẹ̀ yìí o.” Owó náà máa ń wọlé.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fi ẹni tó dákẹ́ yẹn ṣe alága, tí wọ́n wá ní kó máa jágbe mọ́ni bíi ti alága àná. Á gbìyànjú ẹ̀. Ohùn á há, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín, títí tí ìpàdé fúnra rẹ̀ á fi sú u. Bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ ni kò jẹ́ kí owó wọn sọnù. Àtúnṣe ẹ̀ kò le. Kó fi adárin ṣe alukoro, kó fi èyí tó ń lọ sílé onígbèsè ṣe igbákejì, kí òun máa fi ìwé darí. Tí àríyànjiyàn bá dé, á ṣí ojú ewé, á ka orúkọ àti iye jẹ́jẹ́, ariwo á rọlẹ̀.

Ìwà kan náà ló sì lè di àléébù rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé báyìí lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, kó má tilẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ igbákejì ni láti yọ́ lọ sọ fún un kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbọ́ irú ẹ̀, pẹ́ńsù ló máa ń fi kọ gbèsè yẹn, kì í fi báírò kọ ọ́.